Ẹ̀dọ̀ Fúnra Rẹ̀ Ló Ń Bá A Ṣe Àdàkọ

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílùú Bìní, ìbéèrè kan wà tí inú mi máa ń dùn sí ju àwọn yòókù lọ, torí ẹni tó bá béèrè rẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ta kókó sí. Ẹni náà á ti lo tenofovir, oògùn hepatitis B, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á na ìwé èsì sí mi, á fi ìka tọ́ka sí ìlà méjì. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ kò rí DNA kòkòrò hepatitis B nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìlà kejì sọ pé HBsAg, purotéènì ara kòkòrò náà, ṣì wà níbẹ̀ digbí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Òótọ́ ni méjèèjì. Kò sí èyí tí láàbù ṣì nínú wọn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n jọ jẹ́ òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè da oògùn rẹ̀ nù lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn jù, tàbí kó gbé oògùn mìíràn mì tí yóò jí àrùn tó ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú ẹ̀dọ̀ ló wà, níbi tí àwọn purotéènì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń so mọ́ DNA kòkòrò náà, tí wọ́n sì ń pinnu bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó.

Ekosodin tí mò ń gbé fara ti ọgbà Ugbowo ti Yunifásítì Benin. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù ládùúgbò wa, hostel lọ́tùn-ún, hostel lósì. Lásìkò tí àwọn ọmọ tuntun bá ń ṣe àyẹ̀wò ìlera ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àrùn yìí mọ́ orúkọ ara wọn. Sìtíríìpù tín-ín-rín kan la fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ á yí ẹ̀jẹ̀ náà títí omi aláwọ̀ ìyeyè á fi yà sókè, a ó kán omi náà sí ìdí sìtíríìpù, á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ìlà pupa á yọ níwájú lẹ́tà C, èyí tó fi hàn pé sìtíríìpù náà dára. Bí òmíràn bá tún yọ níwájú lẹ́tà T, HBsAg wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ì báà ṣe bàìbàì. Mo ti rí ọmọ tó wo ìlà bàìbàì yẹn tó ní, "Màmá, èyí ò pọ́n tó, ó máa lọ fúnra rẹ̀." Mo ní kó jókòó. Sìtíríìpù kò lè sọ bí àrùn ṣe pọ̀ tó.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe díẹ̀. Ìwádìí NAIIS tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní kòkòrò yìí lára. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ń gbé e kiri láyé, àti pé mílíọ̀nù 1.1 ló bá a lọ lọ́dún náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn látàrí ẹ̀dọ̀ gbígbẹ tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú ètò àjẹsára ọmọdé nílẹ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ekosodin báyìí, ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ ìkókó tí ó bá kó o lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nínú mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án ni àrùn náà máa ń bá dàgbà. Nínú àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, kì í tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń di ti gbére. Nítorí náà, mo máa ń bẹ àwọn tó ń lé ọ̀rẹ́ wọn kúrò nínú yàrá hostel torí èsì àyẹ̀wò: ọmọ yẹn lè ti ní in látìgbà tó wà lẹ́nu ọmú. Jíjẹun nínú abọ́ kan náà kò ran án. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má ṣe pín abẹ tàbí ohun ìgékánná lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn nínú yàrá tó sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀dọ̀ wàyí.

Kòkòrò yìí kéré dé ibi tí ó fi ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ní 1979, Francis Galibert àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ka gbogbo DNA rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: lẹ́tà 3,182 péré. Ti èèyàn lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Jíìnì mẹ́rin, C, P, S àti X, ló há sínú ìwọ̀nba yẹn, wọ́n sì gun orí ara wọn débi pé lẹ́tà kan náà lè máa ṣiṣẹ́ fún jíìnì méjì. Kò sí àyè tó ṣòfò níbẹ̀. Kódà àwọn ojú ibi tí purotéènì ti ń so mọ́ DNA kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, àárín jíìnì gan-an ni wọ́n wà.

Ní 2012 ni Wenhui Li àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beijing rí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Purotéènì kan tó ń jẹ́ NTCP ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa gba iyọ̀ òróòro padà sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ara rẹ̀ ni kòkòrò náà dì mọ́ wọlé. Òrùka DNA tí ó gbé wá kò pé, apá kan rẹ̀ là sílẹ̀. Bó bá dé gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, àwọn irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún DNA tirẹ̀ ṣe ló máa bá a dí ojú ibi tó là náà, òrùka á pé, á sì di ohun tí àwa oníṣẹ́ ìlera ń pè ní cccDNA. Sẹ́ẹ̀lì á tún wé e mọ́ histone, purotéènì kan náà tí ó ń wé DNA èèyàn mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í tètè kú. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣe ń pẹ́ láyé ni cccDNA inú rẹ̀ ń pẹ́.

Àmọ́ cccDNA kò lè dá ara rẹ̀ kọ sí RNA, ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí RNA, kò sí purotéènì, kò sí ọmọ kòkòrò tuntun. Ẹ rántí àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ìtòsí géètì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé handout kan ṣoṣo wá. Ẹ̀rọ, yínkì, iná, títí kan ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì, ti oníṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀. cccDNA ni handout yẹn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ, RNA polymerase II, ti sẹ́ẹ̀lì ni. Àwọn purotéènì tó ń sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti iye ẹ̀dà tí yóò ṣe, ti sẹ́ẹ̀lì ni àwọn náà.

Ojú mẹ́rin ni àdàkọ ti lè bẹ̀rẹ̀ lórí òrùka kékeré yìí. Ojú méjì mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fún àwọn mẹ́rin náà lágbára, EnhI àti EnhII. Orí àwọn ojú wọ̀nyí ni purotéènì máa ń jókòó sí. HNF1 ló ń jókòó sí ibi tí àdàkọ fún purotéènì S ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Sp1 àti NF-Y wà níbi ti S kékeré, èyí tí í ṣe HBsAg tí sìtíríìpù wa ń mú. HNF4α, FoxA àti C/EBP kóra jọ sí ìtòsí EnhII àti ojú ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì C. Ibẹ̀ ni RNA tó gùn jù ti ń jáde, ó tó lẹ́tà 3,500. Ó gùn ju òrùka tí wọ́n dà á kọ lára rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀rọ náà á yí òrùka po tán, á kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ díẹ̀ sí i kó tó dúró. RNA gígùn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni polymerase kòkòrò náà ń yí padà sí DNA láti fi ṣe ọmọ tuntun.

Sp1 àti NF-Y wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara. HNF4α, HNF1 àti FoxA ni kò pọ̀ káàkiri bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ibùdó wọn gan-an. Ní 2001, Hong Tang àti Alan McLachlan gbé iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí mo kà sí ọ̀kan lára èyí tó dára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì eku tí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, wọ́n fi DNA hepatitis B sínú rẹ̀. Kòkòrò náà kò lè bí sí i. Nígbà tí wọ́n wá fi HNF4α kún un, RNA gígùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kòkòrò sì ń bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n lo purotéènì méjì mìíràn, RXRα àti PPARα, pa pọ̀ dípò rẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí àrùn yìí fi jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, NTCP tó wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ apá kan ìdáhùn. Apá kejì ni àwọn purotéènì wọ̀nyí.

A lè padà sórí ìwé èsì oníìlà méjì wàyí. Tenofovir kò fọwọ́ kan àdàkọ yìí. Ìpele tó tẹ̀ lé e ló ń dí, ibi tí polymerase kòkòrò náà ti ń sọ RNA gígùn di DNA tuntun. Ìdí nìyẹn tí DNA fi pòórá nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n cccDNA ṣì wà, Sp1 àti NF-Y ṣì wà lórí rẹ̀, RNA tó ń ṣe HBsAg ṣì ń jáde. Orísun kejì tún wà. Àjákù DNA kòkòrò náà máa ń já wọ inú DNA èèyàn gan-an, ó sì máa ń wọ̀ ọ́ ní ọ̀nà tó jẹ́ pé kò lè ṣe RNA gígùn yẹn mọ́, àmọ́ ojú ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì S ṣì pé, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní 2017, Christine Wooddell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn tí HBeAg, purotéènì mìíràn tí kòkòrò náà ń ṣe, ti kúrò lára wọn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú HBsAg ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rọ kò rí DNA nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti rí oore ńlá gbà: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń sinmi, ewu jẹjẹrẹ ń dín kù. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó bá dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà, RNA gígùn tí kò fìgbà kan dáwọ́ dúró á tún rí polymerase tí yóò sọ ọ́ di DNA. Mo ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán lójú mi.

Sẹ́ẹ̀lì náà kò kàn káwọ́ gbera. Purotéènì mẹ́fà kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Smc5/6 ni orúkọ wọn. Bí wọ́n bá rí òrùka DNA tó dá wà lọ́tọ̀, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́. Kòkòrò náà sì ní èsì fún wọn. Jíìnì X rẹ̀ ń ṣe purotéènì HBx, tí gígùn rẹ̀ kò ju amino acid 154 lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí HBx wá ṣe. Ní 2016 ni Adrien Decorsière, Michel Strubin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Geneva tú kókó náà. HBx á lọ dì mọ́ DDB1, purotéènì sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lára ẹ̀rọ tó ń kó purotéènì tí wọn kò fẹ́ mọ́ dànù, á sì fi ẹ̀rọ náà run Smc5/6. Bí HBx kò bá sí, cccDNA á dákẹ́. Bí èèyàn bá bi mí léèrè ibi tí mo rò pé ìwòsàn pátápátá lè gbà wá, ibẹ̀ ni màá nawọ́ sí: oògùn tí yóò gba HBx lọ́wọ́ kòkòrò yìí, tí Smc5/6 yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣeparí.

Nítorí pé purotéènì ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ohunkóhun tó bá ru wọ́n sókè lè ru kòkòrò náà sókè. Ó ti pẹ́ tí a ti ń rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ látọ̀dọ̀ hepatitis B ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru ọtí. Ọtí ní ẹ̀bi tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní 2009, ẹgbẹ́ Pei-Jer Chen ní Taiwan fi hàn pé purotéènì tó ń gba họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin máa ń so mọ́ EnhI gan-an, tí á sì mú kí àdàkọ pọ̀ sí i. Nígbà tó di 2012, wọ́n tún fi hàn pé èyí tó ń gba họ́mọ́ọ̀nù obìnrin máa ń dì mọ́ HNF4α, kò sì ní jẹ́ kó jókòó sí EnhI bó ṣe yẹ. Ebi pàápàá wà níbẹ̀. Ní 2006, Yosef Shaul àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Israel rí i nínú eku pé bí ebi bá ń pa á, PGC-1α, purotéènì tó ń mú ẹ̀dọ̀ ṣe ṣúgà, á ran HNF4α àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, RNA kòkòrò á sì pọ̀ sí i. Eku ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò ní torí èyí sọ fún Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì kankan pé kó má gbààwẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú gbogbo ìmọ̀ yìí. Ní 2001, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé genotype E ni irú hepatitis B tó gbilẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n HepG2.2.15, sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ilé ìwádìí ń lò káàkiri ayé láti 1987, genotype D ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yí padà ní ojú ibi tí purotéènì ti ń so lè yí gbogbo ìṣirò. Bí àpẹẹrẹ, bí A tó wà ní ipò 1762 bá di T, tí G ipò 1764 sì di A, HNF1 á rí ibi tuntun jókòó sí, HBeAg á dín kù, ewu jẹjẹrẹ á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wo HBeAg nìkan lè rò pé ara ti ń yá. Mo fẹ́ kí ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ biochemistry tàbí microbiology ní Ugbowo mọ̀ pé genotype E, irú tó wà lára àwọn èèyàn ilé rẹ̀, ṣì ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é.

Sitẹ́rọ́ọ̀dù ni màá fi kádìí ọ̀rọ̀, torí òun ló sún mọ́ ilé jù. Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba sitẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisolone àti dexamethasone. Bó bá ti gbà á, á wọ gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ, á so mọ́ DNA. Ní 1986, Ran Tur-Kaspa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ojú ibi tí purotéènì yìí ń jókòó sí wà lára DNA hepatitis B. Ọ̀nà méjì ni sitẹ́rọ́ọ̀dù wá ń gbà ran kòkòrò náà lọ́wọ́: ó ń tẹ ọmọ ogun ara mọ́lẹ̀, ó sì tún ń ti àdàkọ kòkòrò náà síwájú. Bí wọ́n bá wá dá a dúró, tí ọmọ ogun ara jí padà, tí wọ́n bá kòkòrò rẹpẹtẹ nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa gbógun tì. Èèyàn lè kú. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan ní irú ewu yìí. Ní 2013, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára rituximab àti ofatumumab nítorí rẹ̀.

Ládùúgbò wa, kì í ṣe inú wọ́ọ̀dù nìkan ni sitẹ́rọ́ọ̀dù wà. Àwọn ọmọbìnrin kan ń gbé dexamethasone mì nítorí kí wọ́n lè sanra. Àwọn mìíràn ń pò ó mọ́ àwọn oògùn làkúrègbé kan tí kò ní orúkọ. Kẹ́míìsì máa ń kó prednisolone fún ẹni tí ara ń yún. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò HBsAg kí ẹ tó kó o fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, àyẹ̀wò HBsAg kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ẹ ṣe é kí ẹ tó lo sitẹ́rọ́ọ̀dù kankan. Bó bá ti wà lára yín, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn yòówù fún yín. Bí tenofovir bá sì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú yín ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bí ìwé èsì bá ní òun kò rí nǹkan kan.